Ìlú Tí Mo Yà Sórí Tákàdá

Táíwò Road ni mo wà lọ́jọ́ náà, níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó máa ń bá mi ṣe fọ́tòkọ́pì, mo ń retí kí wọ́n mú iná dé, nígbà tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kò dún lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Ó ń dún léraléra bí ìgbà tí wọ́n ń da ẹ̀wà gbígbẹ sínú abọ́ páànù. Mo mọ̀ pé wọ́ọ̀sáàpù ẹbí wa ni. Òun nìkan ló máa ń dún báyẹn. Bó bá sì ti dún báyẹn, ẹnìkan ti kú ni, tàbí ẹnìkan ti bímọ, tàbí kí ẹnìkan ti fi àdúà gígùn ránṣẹ́ tí gbogbo wa gbọ́dọ̀ ṣe "Àmín" sí, kí wọ́n má baà ní a ti di ọ̀gá.

Ti ọjọ́ yìí yàtọ̀. Àwòrán ni. Àbúrò bàbá mi, àlfáà ilé wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àlfáà, ló fi ránṣẹ́. Tákàdá kan ló yà ní fọ́tò, ó ti pọ́n bí omi tíì, igun òkè rẹ̀ ti já lọ. Lẹ́tà kéwú kún orí rẹ̀, odò kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bàbá Àlfáà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àlùhámúdùlílàhì. A ti rí ìwé bàbá wa. Ilẹ̀ abúlé títí dé òdìkejì odò, tiwa ni. Ìpàdé ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àsárì. Baálẹ̀ ń bọ̀ wá tẹ̀ka."

Ẹbí ti ń ṣe "Máṣá Allah" lábẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo fi ìka méjì fa àwòrán náà kó tóbi. Mo rí ilé méje. Mo rí igi máńgòrò kan lẹ́yìn odò, tó tẹ̀ bí ìyàwó tuntun tó ń kí ìyá ọkọ.

Èmi ni mo ya igi yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo wà.

"Màdáámù, iná ti dé o," ni ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì wí. Mo ti ń lọ lójú títì, mo fi ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ara mi díẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni olùkọ́, ní ilé ìwé kan ní àdúgbò Fate, ní Ìlọrin. Iṣẹ́ tí mo fi ń yọ ènìyàn lẹ́nu ni àlọ́. Mo ń pa á fún àwọn ọmọ ilé ìwé, mo ń pa á níbi ìsọmọlórúkọ, bí ìsìnkú bá sì falẹ̀ jù, mo lè pa kékeré kan níbẹ̀. Ìyá Aláàlọ́ ni wọ́n ń pè mí nílé. Oyè yẹn dùn, ṣùgbọ́n ó ní ìyà tirẹ̀: kò sẹ́ni tó ń gbà mí gbọ́ mọ́. Bí mo bá ní òjò ń rọ̀, àwọn ará ilé wa á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta.

Abúlé tí wọ́n ń sọ yìí, tiwa ni, bí nǹkan ṣe ń jẹ́ tẹni láyé àtijọ́. Bí wọ́n bá fi ẹnìkan joyè ní Ìlọrin nígbà náà, wọn kì í fi láwàní nìkan rán an lọ sílé. Wọ́n máa ń fún un ní abúlé tí yóò máa mójú tó. Olóyè ńlá ń gba abúlé tó lọ́jà. Ilé tiwa kì í ṣe ilé olóyè ńlá. Ilé méje ni wọ́n fún bàbá ńlá wa, àti àwọn ewúrẹ́ tí kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá jáde, àwọn ará abúlé á ru iṣu wá sí agboolé wa, wọ́n á gbé igbá ńlá kan lé e lórí. Igbá yẹn kì í padà lófìfo. Iyọ̀ àti ọṣẹ la máa ń kó sínú rẹ̀, bí a bá sì gbàgbé, ìyá àgbà kan láti abúlé á mú ìdí igbá lu ògiri wa gbà-gbà-gbà títí a ó fi rántí.

Ohun tó rú mi lójú nígbà èwe ni pé àgbà tó ju bàbá mi lọ máa ń tẹrí ba fún èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, á ní, "Ọlọ́lá, ẹ káàsán." Mo máa ń wo ẹ̀yìn mi, bóyá ọlọ́lá náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọlá yẹn ní ààlà. Odò ni ààlà. Ìhà ìhín odò ni wọ́n fún bàbá ńlá wa. Òdìkejì odò jẹ́ ti àwọn baba ńlá baálẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ti ń dáko níbẹ̀ kí láwàní kankan tó dé orí ẹnikẹ́ni nílé wa. Kò sí ìwé tí a tíì rí tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ló wà, ẹnu sì ti tó nígbà náà.

Òdìkejì odò yẹn náà ni máńgòrò wà.

Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi mú mi lọ sí abúlé, mo yọ́ sọdá odò, mo gun igi náà. Mo ti jẹ mẹ́ta, mo ń na ọwọ́ sí ìkẹrin, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ sí mi lábẹ́ igi, ó gbé ọkọ́ léjìká. Ó wò mí títí.

"Ọlọ́lá," ó ní, "ẹ sọ̀kalẹ̀."

Mo ní, "Èmi ni ọmọ olóyè."

"Mo mọ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀. Ọlá yín ò dé ìhín."

Kò bú mi, kò jù mí ní òkò. Ẹ̀rín ló ń rín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú tí mo fi fò sílẹ̀ láìwo ibi tí mò ń fò sí, ẹsẹ̀ mi sì kán. Òun náà ló gbé mi sẹ́yìn sọdá odò, tí mò ń sunkún, tí mo sì ń fún un lọ́rùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló di baálẹ̀ lónìí.

Bàbá tó ń to egungun di ẹsẹ̀ mi mọ́ igi, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ kúrò lórí ẹní títí egungun yóò fi so. Ẹ wo ọmọ tí kò lè jókòó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tán! Ara mi ń jó bí ẹni tí ìjàlọ bo. Nígbà tó sú mi láti máa ka igi àjà, mo ní kí wọ́n gbé tákàdá àti tàdáwà tí mo fi ń kọ wàláà wá fún mi. Mo dá ìlú sílẹ̀.

Kò sí ìlú náà níbì kankan. Ọba rẹ̀ tóbi débi pé kò lè ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀, olóyè ló ń bá a ṣe gbogbo rẹ̀, olóyè kọ̀ọ̀kan sì ní abúlé kékeré tó ń jẹ lórí. Ọlọ́lá Bàtà Ọ̀tún ní ilé mẹ́rin. Ọlọ́lá Bàtà Òsì náà ní ilé mẹ́rin, wọ́n kọjú síra, wọn kì í kí ara wọn. Bí wọ́n bá ti jà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ọba á fi máa tọ káàkiri ààfin. Ọlọ́lá Sísín ló ń ṣe "Yarahamukaláhù" bí ọba bá sín. Ilé mẹ́ta ló ní, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan, ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn ará abúlé rẹ̀ sì ń san ni ata lílọ̀, kí iṣẹ́ má baà wọ́n ọ̀gá wọn. Ọlọ́lá Òjìji ló ń rí i pé òjìji ọba wà níbi tó yẹ. Abúlé tirẹ̀ ò ní ojú kan: láàárọ̀, ó wà ní ìwọ̀ oòrùn; lọ́sàn-án, kò sí rárá. Mo fi ilé kan àti ààbọ̀ sí i.

Kò yé mi nígbà náà, àmọ́ ó yé mi báyìí: mò ń gbìyànjú láti mọ ohun tí bàbá ńlá wa ṣe tí arúgbó fi ń tẹrí ba fún mi.

Níkẹyìn, mo ya abúlé tiwa gan-an sí àárín gbogbo wọn. Ilé méje, odò, máńgòrò. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sórí rẹ̀: "Ti ilé wa ni, títí dé odò, àti òdìkejì odò, àti igi tó wà níbẹ̀, àti gbogbo èso rẹ̀." Mo rí i pé ọlá mi ti dé ọ̀hún. Inú mi rọ̀.

Mo rẹ tákàdá náà sínú tíì kó lè dà bí ti àtijọ́. Mo sá a sórí fèrèsé. Mo fi eyín já igun rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ńkọ́? Ọwọ́ bàbá bàbá mi ni, nítorí pé ìwé tí òun fọwọ́ kọ ni Bàbá Àlfáà fi ń kọ́ wa ní ilé kéwú. Ẹni tó bá kọ "lámù" tí kò tẹ̀ bíi ti bàbá àgbà, pàṣán ni. Bàbá Àlfáà ìgbà náà, àfi pàṣán! Ìró rẹ̀ máa ń dé kí òun tó dé.

Bàbá mi rí tákàdá náà, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Ó ní, "Èyí ò gbọdọ̀ sọnù." Ó kó o sínú àpò awọ tí ìwé bàbá rẹ̀ wà. Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bàbá mi kú, àpò awọ di ti àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì ṣí i.

Láti Táíwò Road, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo gbà lọ, ní àdúgbò Basin. Ó ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ nígbà tí mo wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì jókòó. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ìrẹsì dà sílẹ̀.

"Ọlọ́lá Sísín! Mo rántí ẹ̀! Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́run á bi ọ́ o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀. Baálẹ̀ ń bọ̀ wá tẹ̀ka lọ́jọ́ Àìkú. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn odò yẹn. Sàréè ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Nítorí máńgòrò ni mo ṣe kọ ọ́ síbẹ̀!"

"Mo mọ̀ náà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìrẹsì tó dà sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀. Ẹnìkan wà tó fẹ́ kọ́ ilé ìwé ńlá sí òdìkejì odò yẹn, ó ti ṣèlérí mọ́sáláṣí kan nínú ọgbà rẹ̀, ó ní orúkọ bàbá àgbà lòun máa kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. O mọ bí Bàbá Àlfáà ṣe ń wá ohun tí wọ́n máa fi rántí bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti rí tákàdá yẹn, ó ti sanra. O fẹ́ dìde láàárín agboolé, kó o ní ìwé bàbá rẹ̀ tó ń fi han gbogbo ayé, eré ọmọdé ni? Ẹni tó ní òun lè fi ojú dídì mọ ọwọ́ bàbá òun?"

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Jókòó ná."

N ò lè jókòó. Mo yí àtẹ ìrẹsì rẹ̀ ká títí ó fi ní òòyì ń kọ́ òun. Nígbà tí mò ń lọ, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. "Bí o bá tiẹ̀ sọ ọ́," ó ní, "ta ló máa gbà ọ́ gbọ́?"

Èyí gan-an ló pa mí.

Mo gbìyànjú láti rí Bàbá Àlfáà ní òun nìkan kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ní Àlàmísì, ó ń ṣe wàásù. Ní Jímọ̀, àlejò kún ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn wá wo tákàdá. Ní Sátidé, mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo gbọ́ tó ń kọrin jẹ́ẹ́ nínú yàrá. N ò tíì gbọ́ kí bàbá yẹn kọrin rí láyé mi. Mo padà. Mo bá ara mi wí láti ojúde wa títí dé Fate, oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi ní, "Ìyá, ṣé ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ ni?"

Ọjọ́ Àìkú kò. Ẹní kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé. Baálẹ̀ dé lórí ọ̀kadà, ó ti di arúgbó, eyín rẹ̀ kan ti lọ níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn náà ló wà ní ẹnu rẹ̀. Ó rí mi.

"Ọlọ́lá! Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń bẹ, Baba. Ó máa ń ro mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀."

"Máńgòrò náà ń bẹ," ó ní, ó sì jókòó sórí ẹní.

Bàbá Àlfáà tẹ́ tákàdá náà sórí àtẹ, ó fi gíláàsì bò ó. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òun kò ní lé ẹnikẹ́ni, pé wọ́n máa fún baálẹ̀ ní àyè mìíràn ní ìhà ìhín odò, kó lè kọ́lé tuntun. Ó ní ìwé ti sọ̀rọ̀, ẹnu gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ó yíjú sí baálẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ ní nǹkan sọ?"

Baálẹ̀ wo tákàdá náà pẹ́. Kò mọ̀wé, ti kéwú tàbí ti òyìnbó. "Àlfáà," ó ní, "ohun tí bàbá mi sọ fún mi ni pé odò ni ààlà. Ṣùgbọ́n bàbá yín gbàdúà fún mi lọ́jọ́ tí mo gbéyàwó. Bó bá jẹ́ pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, èmi ò lè bá òkú rere jiyàn." Ó na àtàǹpàkò rẹ̀. Wọ́n gbé ike tàdáwà sún mọ́ ọn, ó tẹ ìka bọ̀ ọ́. Ó di búlúù.

"Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé," ni Bàbá Àlfáà wí fún gbogbo ilé. "Ẹni tó bá ní kì í ṣe ọwọ́ bàbá mi, kó dìde."

Mo dìde.

Ẹ̀rín bú sílé kí n tó la ẹnu. "Ìyá Aláàlọ́ ti dé! Ààlọ́ o!" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ààlọ̀!" ni àwọn ìyàwó ilé dáhùn.

"Bàbá," mo ní, "èmi ni mo kọ ọ́."

"Jókòó, ọmọ yìí."

"Wàlláhì, èmi ni. Ọdún tí ẹsẹ̀ mi kán ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ọwọ́ bàbá àgbà."

"Gbogbo yín ni mo kọ́. Kò sí ìkankan nínú yín tó mọ̀ ọ́n kọ tó báyìí."

Inú mi dùn díẹ̀, kí n má parọ́. Láti ọdún wọ̀nyí wá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó yìn mí.

"Bàbá, níbo ni Bísímílà wà?"

Kò sí àlfáà tí í kọ ìwé ilẹ̀ láì fi Bísímílà ṣáájú, kò sì sí ọmọ kéwú tó lè kọ orúkọ Ọlọ́run sórí tákàdá eré, tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Òun náà ló fi pàṣán kọ́ wa ní ìyẹn.

Ó tẹjú mọ́ òkè tákàdá. "Igun yìí ló wà. Ikán ti jẹ ẹ́."

"Kì í ṣe ikán. Eyín mi ni."

Ẹ̀rín tún bú. Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àtàǹpàkò búlúù náà sókè, kò mọ ibi tó máa gbé e sí, ó ń wò mí.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín," mo ní. "Àwọn abúlé kéékèèké etí rẹ̀ yẹn, ẹ bá wa ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn."

"Abúlé àwọn olóyè yòókù nìyẹn. Ojú mi ò gbé e dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde láti ìdí àwọn obìnrin. Kò wo ojú mi. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi fún Bàbá Àlfáà. "Ẹ fi tèmi wò ó, Bàbá."

Ó fi í sójú. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka tírà, ohùn tó dùn, tó ń gùn lọ sókè: "Abúlé Ọlọ́lá Sísín. Ilé mẹ́ta. Ewúrẹ́ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe Yarahamukaláhù bí ọba bá…" Ohùn náà rọra sọ̀kalẹ̀. Ó kà á tán. Ó bọ́ sórí èkejì: "Abúlé Ọlọ́lá Bàtà Òsì. Kì í kí ti Ọ̀tún." Àwọn ènìyàn ti ń di ẹnu mú. Ẹnìkan sín gan-an, ó ṣèèṣì ni àbí ó mọ̀ọ́mọ̀, n ò mọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì dàrú. "Yarahamukaláhù!" ni wọ́n ń pariwo. "Ẹ lọ ata wá fún ọlọ́lá!"

Mo ti ń rẹ́rìn-ín èmi náà, nígbà tí mo rí ibi tí ìka rẹ̀ dé. Mo ti gbàgbé èyí. Ogójì ọdún, mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Bàbá," mo ní. "Ó ti yé gbogbo wa."

"Ìwọ lo ní kí n kà á."

Ó kà á. "Abúlé Ọlọ́lá Pàṣán. Ilé kan ṣoṣo. Kò ní fèrèsé. Àwọn ará ibẹ̀ ò mọ orin méjì, ẹkún ni. Ọlọ́lá wọn mọ kéwú ju gbogbo ayé lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo ẹni tó ti ju ogójì ọdún lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ló ti jẹ nínú pàṣán yẹn, wọ́n sì mọ ẹni tó ni ilé náà. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo ti mọ bí mo ṣe lè gba ilé baálẹ̀ là, n ò mọ̀ pé ilé mìíràn ni mo máa fi dí i.

Bàbá Àlfáà bọ́ gíláàsì ojú. Ó nù ún mọ́ agbádá rẹ̀, ó nù ún pẹ́, ó dá a padà fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó yíjú sí baálẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ má bínú. N ò tíì rí ìwé kankan. Ilé yín wà níbi tó wà." Ó na tákàdá náà sí i. "Ẹ nu ìka yín sí i."

Baálẹ̀ mi orí. "Iṣẹ́ ọmọdé ni, Àlfáà. Ẹ má jẹ́ kí n bà á jẹ́." Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò funfun tó wọ̀ wá, ìlà búlúù gbọọrọ. Ṣòkòtò tó wọ̀ wá láti fi kúrò nílé rẹ̀ ni.

Àwọn ènìyàn tú ká. Àwọn kan ò kí mi títí di òní. Wọ́n ní mo ta ẹbí. Bàbá Àlfáà pè mí sínú yàrá. Mo kúnlẹ̀.

"Kò ní fèrèsé?" ó ní.

"Bàbá, ọmọdé ni mí."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́." Ó gbé àpò awọ náà sílẹ̀ níwájú mi, ó fi tákàdá mi lé e lórí. Ó wúwo. "Ìwé bàbá mi kún inú rẹ̀. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ eré, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìwé abúlé yẹn gan-an bá wà níbẹ̀, ohunkóhun tó bá sọ, mú un wá." Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Fi fèrèsé sí ilé yẹn."

Mo ti fi í sí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo yà á, méjì, ọ̀kan kọjú sí odò.

Àpò ló kù. Orí kọ́bọ́ọ̀dù mi ló wà, ní Fate níbí, ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá àgbà kì í fi ẹnu sọ ohun tó lè kọ. A mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fún bàbá ńlá wa ní abúlé, bàbá àgbà á ti kọ ibi tí ààlà rẹ̀ dé. Ó lè jẹ́ odò. Ó lè ré kọjá odò. Mo ti búra fún Bàbá Àlfáà nínú ọkàn mi pé n ò ní parọ́ mọ́ nípa ìwé, ìyẹn ló sì ń dà mí láàmú: bó bá ré kọjá odò ńkọ́? Mo ń gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ lórí ìdúró. Ọkọ mi ní kí n yáa lọ máa gbé orí òpó iná.

Láàárọ̀ àná, baálẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti rẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé òun, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

"Ọlọ́lá, ẹ ti tú àpò yẹn?"

"N ò tíì tú u, Baba."

Mo ń gbọ́ àwọn ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Máńgòrò ti pọ́n. Ẹ wá ká a ná, kí ẹ tó tú u. Mo ti di àgbà, n ò ní lé yín."

Mo ní mò ń bọ̀ ní Sátidé. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo fa àga kan sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gùn ún, mo fọwọ́ kan okùn àpò náà. Ó ti so le. Mo fà á díẹ̀, mo tún fi í sílẹ̀.

Mo sọ̀kalẹ̀.